Fọ́tò Tí Kò Jẹ́ Ká Wò Ó Tán

Ara mi kì í balẹ̀. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Tí mo bá gbé ìrẹsì kaná, màá ti ṣí ìkòkò náà wò lẹ́ẹ̀marùn-ún kí omi tó hó. Tí mo bá wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin, ẹsẹ̀ mi á máa tẹ búrẹ́ẹ̀kì tí kò sí lábẹ́ mi. Ìyá mi máa ń sọ pé ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan, ọjọ́ náà ni kí wọ́n wá gbé mi lọ sí ọsibítù. Ó wá ya èmi fúnra mi lẹ́nu pé iṣẹ́ tó gba sùúrù ni mo rìn sínú ẹ̀. Mo ń tún fọ́tò ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Òmù-Àrán, lójú ọ̀nà ọjà, láàárín télọ̀ kan àti ọkùnrin kan tó ń ta irin ìkọ́lé.

Òkú ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Ìwé ètò ìsìnkú, bánà, fọ́tò ńlá inú férémù tí wọ́n máa ń gbé síwájú ìjọ, èmi ni mò ń ṣe wọ́n. Mo ti la ojú ẹni tó dijú nígbà tí wọ́n ń yà á. Mo ti dé fìlà fún bàbá tí ojú ń ti àwọn ọmọ rẹ̀ nítorí pé orí rẹ̀ pá. Mo ti mú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọn kò kí ara wọn títí wọ́n fi kú, mo tò wọ́n sínú fọ́tò kan ṣoṣo, mo sì fi ọwọ́ ọ̀kan lé èjìká èkejì. Wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì bi mí léèrè ohunkóhun.

Sọ́fítíwíà tí mo fi ń ṣe gbogbo èyí ti pẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló gbé e sí i látinú fláàṣì, mo sì mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ inú kíṣìnnì mi. Gbogbo ìgbà ló máa ń yọ ìwé kékeré kan sí mi ní igun pé ẹ̀yà tuntun ti dé, ṣé kí òun gbé e wọlé. Ìdáhùn méjì ló máa ń fún mi: "Ó dáa" àti "Ó di ìgbà mìíràn." Èkejì ni mo máa ń tẹ̀, bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Òkè-Ọdẹ ti gba ẹ̀yà tuntun rí. Wọ́n tú gbogbo ẹrù rẹ̀ ká, ó sì fi odindi ọjọ́ kan wá ibi tí wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé fọ́tò sí. Ẹ jẹ́ kí n tún sọ òótọ́: mi ò ra tèmi. Ẹ̀rù ń bà mí pé tó bá lọ kí àwọn tó ṣe é, wọ́n á bi í pé ilé ta lo wà látọjọ́ yìí.

Mo sì ní òfin kan tí mo kọ mọ́ ara ògiri: A KÌ Í GBA FỌ́TÒ ORÍ FÓÒNÙ, Ẹ GBÉ MẸ́MÓRÌ WÁ. Tí ènìyàn bá fi fọ́tò ránṣẹ́ láti orí fóònù sí fóònù, fóònù á ti fún un pọ̀, ojú á ti ṣú. Bó ṣe wà gan-an ni mo fẹ́ ẹ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án lọ́nà. Òfin yẹn máa ń mú inú mi dùn.

Ọjọ́ Ajé kan ni bàbá kan wọlé láti Àrán-Ọ̀rin. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ó sì ṣì hàn lára wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n tú ìdí hańkáṣíìfù, wọ́n yọ ọ̀rá kékeré kan jáde, wọ́n sì yọ mẹ́mórì kan tí kò tóbi ju èékánná lọ látinú ọ̀rá náà.

"Ìyá Onífọ́tò," wọ́n ní, "ìyàwó mi ló wà nínú èyí."

Màmá ti kú, ó máa pé ọdún kan. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìsìn ìrántí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí Bàbá fẹ́ kò ju fọ́tò kan nínú férémù lọ. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò lo èyí tí wọ́n lò nígbà ìsìnkú. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní Màmá kì í ya fọ́tò. Láti ìgbà tí àwọn ti fẹ́ ara àwọn, bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé kámẹ́rà sókè, Màmá á ti fi ọwọ́ bo ojú. Fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ, ọwọ́ ni. Fọ́tò ìsọmọlórúkọ, ọwọ́ ni. Fọ́tò orí káàdì ìdìbò ni wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìsìnkú rẹ̀, ó sì dúdú bí èédú, ó jọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú.

"Ẹni tó wà níbẹ̀ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n," Bàbá ní. "Ọmọ wa obìnrin ló rí i yà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó tó ráyè gbé ọwọ́. Fóònù yẹn wá já sínú bókẹ́ẹ̀tì omi. Mẹ́mórì yìí nìkan ló kù."

Mo kì mẹ́mórì náà bọ inú kọ̀ǹpútà. Mo rí fáìlì náà níbẹ̀, ọkàn mi balẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Gèlè búlúù kan yọ lókè. Iwájú orí yọ. Ìpéǹpéjú òsì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, Bàbá sì na ọrùn síwájú, ni sọ́fítíwíà náà bá pa dé. Bí ìgbà tí wọ́n bá gbá ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn lójú ló rí.

"Ẹ tún un ṣí," Bàbá ní.

Mo tún un ṣí. Gèlè, iwájú orí, ìpéǹpéjú. Ó pa dé. Inú ti ń bí mi. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tan án padà. Gèlè, iwájú orí, ìpéǹpéjú, ó pa dé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣí," Bàbá ní, ohùn wọn ti wálẹ̀. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe fọ́tò títẹ̀ ni wọ́n ń wá mọ́, ìpéǹpéjú yẹn ni wọ́n ń wò. Ẹ̀ẹ̀meje la ṣí i. Mo ní kí wọ́n fi mẹ́mórì sílẹ̀, mo sì fọwọ́ sọ̀yà pé kí wọ́n lọ fọkàn balẹ̀, ó máa jáde.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìlọrin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn kí olè má bàa wọ̀ ọ́. Bí Bàbá ṣe lọ ni mo pè é, mo sì rojọ́ sọ́fítíwíà náà fún un bí ẹni ń rojọ́ ọmọ aláìgbọràn. Ó ní kí n ka nọ́ńbà ẹ̀yà tí mò ń lò fún òun. Mo kà á.

"Àǹtí, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Báyìí, kí n máa gbọ́ ọ."

Mo yọ ọ́. Ó wá ṣàlàyé. Ó ní ihò kan wà nínú sọ́fítíwíà náà, àwọn tó ṣe é ti kéde rẹ̀, wọ́n sì ti dí i nínú ẹ̀yà tuntun. Ẹ̀yà tuntun tí mo ń lé bí eṣinṣin.

"Gbogbo fọ́tò ló ní orí," ó ní. "Orí yẹn ló máa kọ́kọ́ sọ bí fọ́tò ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe gùn tó, kí sọ́fítíwíà lè tọ́jú àyè tó máa gbà á sílẹ̀. Tí orí bá wá purọ́ ńkọ́? Tó bá ní ènìyàn mẹ́wàá ló ń bọ̀, tí ẹ gbá yàrá ènìyàn mẹ́wàá sílẹ̀, tí ogún wá já wọlé?"

"Màá lé mẹ́wàá padà."

"Ẹ̀yin á lé wọn. Sọ́fítíwíà yín kì í kà wọ́n. Ó kàn ń tì wọ́n wọlé ni. Àwọn tí àyè ò gbà á ya wọ yàrá kejì, wọ́n á máa sún ẹrù ẹlẹ́rù kiri. Nígbà tó bá wá ẹrù rẹ̀ tí kò rí i níbi tó gbé e sí, ó dákú nìyẹn. Ìyẹn ṣì sàn. Èyí tó burú ni kí ẹnì kan dìídì ṣe irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, tó ti mọ yàrá tí wọ́n máa ya wọ̀. Ọ̀kan nínú wọn á jókòó sórí àga baálé ilé, á máa pàṣẹ, kọ̀ǹpútà yín á sì máa tẹ̀ lé e."

"Fọ́tò òkú?"

"Fọ́tò òkú, fọ́tò ọmọ tuntun, fọ́tò ewúrẹ́. Kí ẹ ṣáà ti ṣí i. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ṣí eléyìí?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì," mo ní.

Ó ní òun ò lè mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn bóyá fáìlì tó bàjẹ́ lásán ni tàbí èyí tí ẹnì kan ṣe. Tí kò bá ṣe pàtàkì, kí n pa á rẹ́. Tó bá ṣe pàtàkì, kí n má fọwọ́ kan ohunkóhun, òun á wá ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, iṣẹ́ ò jẹ́ kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ka ọjọ́ lórí ìka. Ọjọ́ mẹ́wàá. Òun sì ni ó ní kí èmi jókòó.

Ẹni tó bá mọ̀ mí ti mọ bí ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ṣe máa rí. Mo da aṣọ bo kọ̀ǹpútà náà. Mo ṣí aṣọ náà wò. Mo lẹ pílásítà mọ́ ojú kámẹ́rà kékeré tó wà lórí rẹ̀, pílásítà náà wá dẹ́rù bà mí ju ojú kámẹ́rà lọ. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ ilé ìwé mélòó kan ló wà nínú kọ̀ǹpútà náà, pẹ̀lú orúkọ wọn àti nọ́ńbà àwọn òbí wọn! Mo rìn dé oríta, mo rìn padà, mi ò ra nǹkan kan. Mo fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ mi jẹ ẹ́, ó kàn ń mu omi. Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi bi mí bóyá ṣọ́ọ̀bù mi ti kógbá sílé. Mo kanra mọ́ ọn, mo sì lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Èyí tó wá burú jù ni Bàbá. Láràárọ̀, ní déédéé ìgbà tí wọ́n máa ń lu aago ilé ìwé, fóònù mi á dún.

"Ìyá Onífọ́tò, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ó ti jáde?"

"Ó ku díẹ̀, sà."

"Ẹ ṣeun. Mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu."

Ó ku díẹ̀! Kọ̀ǹpútà tí mi ò tàn. Ojú ń tì mí débi pé mo máa ń yí ẹ̀yìn sí àwọn tó ń kọjá kí n tó gbé ìpè náà. Mi ò lè sọ fún ọ̀gá ilé ìwé àtijọ́ pé mò ń bẹ̀rù ìyàwó wọn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo sọ fún ara mi pé ohun tó lè kó wàhálà bá ọmọ ọlọ́mọ nínú kọ̀ǹpútà, kò yẹ kó sùn nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo mú mẹ́mórì náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo gbé e lé orí ọlọ tí mo fi ń lọ ata, mo gbé ọmọ ọlọ sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ata àná ṣì wà lójú ọlọ náà. Mo rí nǹkan dúdú kékeré yẹn láàárín èérún ata, mo sì rí ìpéǹpéjú Màmá bí ó ṣe ń yọ, àti Bàbá tí wọ́n na ọrùn síwájú. Mo gbé ọmọ ọlọ kalẹ̀, mo fi etí aṣọ mi nu mẹ́mórì náà, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Inú ara mi ló ń bí mi. Ẹlòmíì ì bá ti tẹ "Ó dáa" láti ọjọ́ yìí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé ní Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù tirẹ̀. Ó ní kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀, kò sì sí ẹrù ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹ̀yà tuntun ló gbé sí i. Ó kì mẹ́mórì bọ̀ ọ́. Mo dìde, mo jókòó, mo dìde.

"Àǹtí, ẹ jókòó."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ìwé kékeré kan yọ pé fáìlì yìí kò pé, ṣé ká ṣí èyí tó wà? Ó ní ká ṣí i. Gèlè búlúù, iwájú orí, ìpéǹpéjú òsì, tọ̀tún. Ojú méjèèjì là sílẹ̀, wọ́n ń wo ẹni tó ń yà wọ́n. Imú. Ẹnu tó là díẹ̀ bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Àgbọ̀n. Lábẹ́ àgbọ̀n náà, orí ìka mẹ́rin ń bọ̀ wá sókè. Lábẹ́ àwọn ìka náà, ó di àwọ̀ eérú títí dé ìsàlẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó ṣe é," ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní lẹ́yìn tó ti yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́. "Omi ló bà á jẹ́. Ohun tí orí rẹ̀ sọ kò bá ara rẹ̀ mu mọ́."

"Ẹnikẹ́ni ò wọlé tọ̀ mí wá nígbà náà?"

"Kò sẹ́ni tó bá eléyìí wọlé."

"Àwọn tó kù ńkọ́? Gbogbo èyí tí mo ti ń ṣí láti gbogbo ọdún yìí wá?"

Ó wo ojú mi. "Àǹtí, mi ò mọ̀."

Ó nu kọ̀ǹpútà mi mọ́ pátápátá lọ́jọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ó sì gbé sọ́fítíwíà tí a kò jí gbé sí i. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ẹnì kan jókòó sórí àga yẹn rí.

Mo pe Bàbá. Inú mi dùn, ojora sì mú mi nítorí àwọn ìka yẹn àti eérú abẹ́ wọn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe máa gbà á. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ ní Òmù-Àrán. Tí ẹ bá dé, a ó sọ̀rọ̀."

"Ó dáa," wọ́n ní.

Èmi tí mò ń jẹun lórí òkú, ó yẹ kí n mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń túfọ̀ fún ènìyàn lórí fóònù níbí. Wọ́n á ní máa bọ̀ ni, tó o bá dé a ó sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe pè mí nìyẹn nígbà tí ìyá mi kú, ẹsẹ̀ mi sì ti mọ̀ kí etí mi tó gbọ́. Àfi ìgbà tí mọ́tò kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀, tí mo rí Bàbá láàárín àti mọ̀lẹ́bí wọn méjì tó rọ̀ mọ́ wọn lọ́tùn-ún lósì, ni mo tó mọ ohun tí mo fi ẹnu mi ṣe.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àgbà nínú àwọn mọ̀lẹ́bí náà ló sọ̀rọ̀.

"Ìyá Onífọ́tò, ẹ ti gbìyànjú. Tí fọ́tò náà ò bá jáde, ẹ sọ ọ́ fún un. Ìdí nìyí tí a fi tẹ̀ lé e."

Bàbá ń wo ilẹ̀. Wọ́n ká hańkáṣíìfù ọjọ́sí mọ́wọ́, èyí tí wọ́n fi di mẹ́mórì wá. Mo kàn yí kọ̀ǹpútà náà sí wọn.

Àwọn mọ̀lẹ́bí ló kọ́kọ́ rí i, ọ̀kan nínú wọn pariwo. Bàbá gbé orí sókè. Wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n gbé e wọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n sì fi ìka kan sí ibi tí àwọn ìka yẹn ti ń yọ.

"Ó tún ti ń gbé e bọ̀," wọ́n ní. Wọ́n wá yí ohùn padà, ohùn ẹni tó ti ń bá ọ̀rọ̀ kan náà bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: "Gbé ọwọ́ ẹ kalẹ̀, jàre. Jẹ́ kí wọ́n rí ọ."

Omi dà lójú mi. Mo ní, "Bàbá, mo lè yọ ọwọ́ yẹn. Màá fi léèsì bo ìsàlẹ̀ títí dé àyà, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

"Tí ẹ bá yọ ọ́, ta ló kù níbẹ̀?"

Mo na ọwọ́ láti tẹ̀ ẹ́ jáde, Bàbá sì dá mi dúró.

"Ṣé ó tún máa pa dé?"

"Rárá, sà. Kò ní pa dé mọ́."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó díẹ̀ sí i, nígbà náà."

Mo fa àga mi, mo sì jókòó tì wọ́n.